Wáyà tàbí Ọ́ìlì: Èwo Ló Yẹ Kílọ́ọ̀ṣì Alùpùpù Àtijọ́?

Nígbà tí Honda kéde E-Clutch, ẹ̀rọ tó ń bá ẹni tó ń gun alùpùpù tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ní ìparí ọdún 2023, tí wọ́n sì gbé e sára alùpùpù CB650R àti CBR650R, ohun tó ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn ni pé ayé títẹ kílọ́ọ̀ṣì ti parí. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń tún alùpùpù àtijọ́ ṣe ti ń bèèrè bóyá àsìkò ti tó láti já wáyà kílọ́ọ̀ṣì sọnù, kí wọ́n fi ti ọlọ́ìlì rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣé lóòótọ́ ni Honda ti pa wáyà tì?

Rárá. Wáyà ṣì wà lára CB650R tó ní E-Clutch. Mọ́tò kékeré méjì ni wọ́n fi sí apá ọ̀tún ẹ́ńjìnì, àwọn ló ń bá ẹni tó ń gùn ún tẹ kílọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ kò sì fi ju nǹkan bíi kílò méjì kún ìwúwo alùpùpù náà. Bó bá wù yín láti fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì wà ní ipò rẹ̀, wáyà ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìròyìn tó ń lọ káàkiri yẹn dà bí ìgbà tí ẹnì kan ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, tí àwọn ará àdúgbò ní kò nílò omi mọ́.

Kí tiẹ̀ ni iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì?

Òun ló ń ya ẹ́ńjìnì kúrò lára jíà fún ìgbà díẹ̀. Àwọn pléètì tò léra wọn nínú rẹ̀ bí abọ́ olóúnjẹ, sípíríǹgì sì fún wọn pọ̀. Bí ẹ bá tẹ ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, sípíríǹgì yẹn lẹ ń bá jà.

Kí wá ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì?

Ọ̀nà tí agbára ọwọ́ yín ń gbà débẹ̀ ni. Ní ti oníwáyà, okùn irin kan ń rìn nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń fa apá kékeré kan lára ẹ́ńjìnì. Ní ti ọlọ́ìlì, másítà tó wà nídìí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ń ti ọ́ìlì gba inú ọ́ọ̀sì lọ sí sìlíńdà kékeré lára ẹ́ńjìnì. Pléètì kò mọ èyí tó ń ti òun. Ọ̀rọ̀ tuntun kọ́ o: Kawasaki GPZ900R ọdún 1984 àti Yamaha V-Max ọdún 1985 ti ń lo ọ́ìlì.

Gbogbo èèyàn ló ní ti ọlọ́ìlì fúyẹ́ lọ́wọ́. Òótọ́ àbí irọ́?

Òótọ́ wà nínú rẹ̀, àmọ́ àṣìgbọ́ ló pọ̀ jù. Sípíríǹgì inú ẹ́ńjìnì kò yí padà. Bí ẹ bá fẹ́ kó fúyẹ́ lọ́wọ́, ẹ óò fà á jìnnà. Bí ẹ bá fẹ́ kó tètè ṣí, ẹ óò fi agbára fà á. Kò sí ohun tó lè yẹ èyí, ì báà jẹ́ wáyà, ì báà jẹ́ ọ́ìlì. Ní ti ọlọ́ìlì, bí ihò másítà bá ṣe fẹ̀ tó ló ń pinnu. Ẹni tó yọ másítà 14 mm tó fi 16 mm sí i nítorí pé ó dùn ún wò, ọ́ìlì tó ń tì lẹ́ẹ̀kan á fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kílọ́ọ̀ṣì á sì le sí i tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Ibi tí ọ́ìlì ti borí ni ojú ọ̀nà. Wáyà máa ń ha ara páìpù rẹ̀, pàápàá níbi tó bá ti tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ọ́ọ̀sì lè gba kọ̀rọ̀ tó bá wù ú kí ọ́ìlì sì kọjá. Síbẹ̀, ẹ wo ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ráhùn pé kílọ́ọ̀ṣì wọn wúwo: wáyà náà ti lo ọdún mẹ́wàá, ó ti dípẹtà nínú, ẹnì kan sì ti fà á gba abẹ́ táńkì níbi tí ilé iṣẹ́ kò gbà á sí. Ẹ ra wáyà tuntun, kí ẹ gbà á sí ojú ọ̀nà rẹ̀ ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń parí sí.

Wọ́n ní ti ọlọ́ìlì kì í fẹ́ àtúnṣe. Bẹ́ẹ̀ ni?

Kì í fẹ́ kí wọ́n máa yí nọ́ọ̀tù rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí pléètì bá ṣe ń jẹ, tó ń fẹ́lẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wáyà ń le sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì Honda CG125 kọ́kọ́ rìn lófo fún mílímítà 10 sí 20 létí, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí àyè yẹn bá tán, pléètì kò ní í lẹ̀ mọ́ra dáadáa, á máa yọ̀, á máa jóná: ẹ́ńjìnì ń pariwo, alùpùpù kò sáré. Bí àyè náà bá sì pọ̀ jù, jíà á máa ké, fíríì á sì ṣòro rí.

Ti ọlọ́ìlì ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí pléètì ṣe ń jẹ, ó ń ti písítìnì sìlíńdà sẹ́yìn, ọ́ìlì sì ń padà sínú ike rẹ̀ lókè. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí ó ń ṣi àwọn tó mọ bíréèkì lọ́nà. Bí páàdì bíréèkì bá ń jẹ, ọ́ìlì inú ike ń lọ sílẹ̀. Bí pléètì kílọ́ọ̀ṣì bá ń jẹ, ńṣe ló ń gòkè. Nítorí náà, bí ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì yín bá ń lọ sílẹ̀, ó ń jò níbì kan ni. Ẹ wá ibi tó ti ń jò, ẹ má kàn máa bù sí i.

CG125 lèmi ní. Ṣé kí n yí i padà?

Rárá o. Ẹ fi owó yẹn ra táyà.

Ta ló wá yẹ kó yí i?

Ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn, tó sì ń gun ẹ́ńjìnì ńlá bíi CB750 àtijọ́ nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, ó ní ẹjọ́ tó ṣeé gbọ́. Ẹni tó pààrọ̀ áńdù sí èyí tó rẹlẹ̀ débi pé wáyà wá gùn jù, tó ń ká kò, lè rò ó pẹ̀lú, àmọ́ wáyà tó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lè yanjú tirẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Magura ní Jámánì ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Hymec: másítà, ọ́ọ̀sì àti sìlíńdà tó ń jókòó síbi tí wáyà ń gbà, tó sì ń fa apá ara ẹ́ńjìnì kan náà, láìsí pé ẹ gé ohunkóhun. Kí ẹ tó náwó lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ fi rúlà wọn bí apá yẹn ṣe ń rìn jìnnà tó kí pléètì tó ṣí tán. Bí sìlíńdà tí ẹ fẹ́ rà kò bá lè fà á tó bẹ́ẹ̀, jíà ni yóò máa jíhìn fún yín lójoojúmọ́.

Èmi fẹ́ ṣe òdìkejì: kí n fi wáyà sí GPZ900R.

Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún sìlíńdà rẹ̀ ṣe, ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ́ìlì wo ni kí n dà sí i?

Èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike náà, kò sí òmíràn. Ibí gan-an lẹ̀rù wà. Àwọn kan ń lo DOT 4, irú èyí tí bíréèkì ń lò. Àwọn mìíràn, títí kan Hymec, ń lo ọ́ìlì míńírà. Rọ́bà inú wọn yàtọ̀ síra, èyí tó gba ọ̀kan kì í gba èkejì: bí ẹ bá dà wọ́n pa pọ̀, rọ́bà á wú, á bàjẹ́, kílọ́ọ̀ṣì á sì dákẹ́. DOT 4 tún ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọdún méjì méjì, ẹ má sì jẹ́ kó kán sórí táńkì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Mẹkáníìkì tó bá ní "ọ́ìlì bíréèkì náà ni gbogbo wọn," ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ewu tiẹ̀ wà nínú rẹ̀?

Ó wà. Bí ọ́ìlì bá jò tán, ẹ óò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kò sì ní í ṣí. Ní 2018, Harley-Davidson ní kí alùpùpù tó lé ní 200,000 káàkiri ayé padà wá fún àtúnṣe, nítorí pé sìlíńdà kílọ́ọ̀ṣì wọn lè máa jò. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ṣéènì ń yí ni sìlíńdà yìí ń gbé, gírísì àti iyanrìn sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbàkígbà tí ẹ bá ń fọ ṣéènì, ẹ fọwọ́ kan abẹ́ sìlíńdà bóyá ọ́ìlì wà níbẹ̀.

Bó bá wá bàjẹ́ lójú ọ̀nà ńkọ́?

Wáyà kì í sábà já lójijì. Okùn rẹ̀ ń já lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tó ti wọ ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ óò rí i bí ẹ bá wo ibẹ̀. Àwọn tó ń rìn jìnnà máa ń fi téèpù so wáyà tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, kí wọ́n lè kàn pààrọ̀ orí rẹ̀.

Bí èyíkéyìí bá kọṣẹ́ nígbà tí ẹ ti wà lórí eré, ẹ ṣì lè pààrọ̀ jíà: ẹ dín iná tí ẹ ń fún ẹ́ńjìnì kù díẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ gbé jíà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi sí fíríì kí ẹ tó dúró, kí ẹ sì yẹra fún ọ̀nà tí iná pupa pọ̀ sí. Bó bá jẹ́ wáyà, mẹkáníìkì ọ̀kadà tó wà ní ìkòríta tó kàn lè dọ́gbọ́n sí i títí ẹ óò fi délé. Bó bá jẹ́ rọ́bà sìlíńdà, ẹ pe ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù.