Bí Etí Òkun Àgbádárìgì Ṣe Di Ibi Ìgbafẹ́

Ó máa ń ya ẹni tó kọ́kọ́ wá gbafẹ́ sí Àgbádárìgì lẹ́nu pé òun dé ìlú tán, òun ò rí òkun. Ọ̀sà ló wà níwájú ìlú. Òkun wà lódìkejì, lẹ́yìn Gberefu, erékùṣù oníyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Èèyàn á wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá, á tún fẹsẹ̀ rìn nínú yanrìn kó tó gbọ́ ariwo ìgbì.

Ọ̀sà yìí ló sọ ibẹ̀ di ìlú. Àwọn àgbà Ègùn sọ pé oko àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Agbethe ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Agbethegreme, ìyẹn oko Agbethe, ló di Àgbádárìgì lẹ́nu àwa Yorùbá, tó sì di Badagry lẹ́nu òyìnbó. Ọkọ̀ onígi lè gba orí ọ̀sà láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Èkó láì fojú kan ìgbì òkun, ìdí nìyẹn tí ọjà fi gbilẹ̀ níbẹ̀.

Ọjà náà ni òwò ẹrú bà jẹ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọ́n á ta èèyàn ní ọjà Vlekete, wọ́n á tì í mọ́ yàrá tóóró, wọ́n á fi ọkọ̀ kó o sọdá ọ̀sà, á wá fẹsẹ̀ la Gberefu kọjá. Ìgbì kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá sún mọ́ èbúté, nítorí náà ọkọ̀ kékeré ló ń kó wọn lọ bá a lórí agbami. Kànga kan wà lójú ọ̀nà yẹn. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé wọ́n ń fún wọn mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ọ̀nà yẹn kan náà làwọn tó ń lọ gbafẹ́ ń tọ̀ lónìí. Èmi ò tíì rìn ín rí kí ọ̀rọ̀ má tán lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn náà, àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sì kó lọ sí Sierra Leone, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, àwọn míṣọ́nnárì sì tẹ̀ lé wọn. Ní 1842, Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend wàásù lábẹ́ igi Agia, èyí tó wó ní 1959. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845 ṣì dúró, ó kọjú sí ọ̀sà. Àjàyí Crowther náà gbé ìlú yìí kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta ní 1846.

Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, wọ́n sì fi Àgbádárìgì kún un ní 1863. Èkó ni ọ̀sà ti já sínú òkun. Àgbádárìgì ò nírú ẹnu bẹ́ẹ̀, yanrìn ló dí i. Báyìí ni ọjà ṣe kó lọ sí Èkó, tí ìlú wa sì pa rọ́rọ́. Lójú tèmi, yanrìn tó lé òwò lọ ló tọ́jú etí òkun yìí dè wá: kò sí ọkọ̀ ẹrù, kò sí èéfín, àgbọn àti àwọ̀n apẹja nìkan.

Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ láti Èkó ní àwọn ọdún 1970, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kó àlejò wá. Ibi ìgbafẹ́ hù kiri, láti Suntan títí dé Whispering Palms ní Ìwòròo-Àjídò. Ní Gberefu, wọ́n ri òpó méjì mọ́ ibi tí wọ́n ń pè ní ibi àìpadàbọ̀. Àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ ń ti Amẹ́ríkà wá wò ó, wọ́n á dúró láàárín òpó méjèèjì, wọ́n á kọjú sí omi. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ á pe èrò, gbogbo wa á sì sọdá ọ̀sà padà wálé.