Mẹ́gàádì Kì Í Mú Kọ́kọ́rọ́ Yàrá: Sọ́fítíwíà Lẹ́tà Tó Yẹ Kó Wà Nínú Linux

Oníbàárà mẹ́rin ló bi mí ní ìbéèrè kan náà lóṣù yìí nípa sọ́fítíwíà tó ń gba lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì (email) tó sì ń fi í ránṣẹ́: “Ọ̀gá, nínú Sendmail, Exim àti Postfix, èwo ló yá jù?” Kò sẹ́ni tó bi mí pé bí olè bá wọlé, ibo ló máa bá a dé. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí ẹni tó ń ṣètò distro Linux (Linux àti àwọn sọ́fítíwíà tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ ọn) kọ́kọ́ wò.

Sendmail tí Eric Allman kọ ní Yunifásítì Berkeley ló jọba tipẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé òun nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, pẹ̀lú àṣẹ root, ìyẹn àṣẹ tó ga jù lórí kọ̀ǹpútà. Òun ló ń dá àlejò lóhùn lẹ́nu géètì, òun náà ló mú kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá lọ́wọ́. Nígbà tí kòkòrò Morris, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tan ara rẹ̀ kiri, jà lọ́jọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1988, Sendmail wà lára ihò tó gbà wọlé.

Wietse Venema wá kọ Postfix ní IBM, ó sì gbé e jáde ní 1998. Ó pín iṣẹ́: smtpd ń gba lẹ́tà lẹ́nu géètì, cleanup ń tún un tò, qmgr ń bójú tó ìlà, local ń gbé e fún onílé. Smtpd kò ní àṣẹ root. Bí olè bá mú mẹ́gàádì yìí, kò ní bá kọ́kọ́rọ́ yàrá kankan lápò rẹ̀. Mo lè fi odidi ọjọ́ kan sọ̀rọ̀ lórí èyí! Ọlọgbọ́n ni qmail, sọ́fítíwíà lẹ́tà ti D. J. Bernstein, náà, ṣùgbọ́n títí di 2007, òfin rẹ̀ kò gbà kí distro pín ẹ̀dà tí wọ́n ti tún ṣe.

Red Hat Enterprise Linux 6 fi Postfix rọ́pò Sendmail ní 2010. Distro Debian dúró ti Exim. Ní 2019, ihò kan nínú Exim jẹ́ kí àjèjì pàṣẹ bíi root. Fedora 20 ní tirẹ̀ yọ Sendmail kúrò láìfi nǹkan kan dípò. Mo fara mọ́ ọn: kí ni laptop ń fi sáfà lẹ́tà ṣe?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ilé iṣẹ́ kan pè mí pé lẹ́tà wọn ò dé ibi kankan mọ́. Ọ̀gá wọn ti ní kí wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Mo ṣí main.cf, fáìlì ètò Postfix. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà ti kọ 0.0.0.0/0 (gbogbo àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì) síwájú mynetworks, ìlà tó ń sọ àwọn tó lè gba inú sáfà ránṣẹ́, “kó lè ṣiṣẹ́ níbi gbogbo.” Ó mà kúkú ṣiṣẹ́ níbi gbogbo: ẹnikẹ́ni láyé lè gba ibẹ̀ ránṣẹ́. Mo tẹ mailq kí n lè rí lẹ́tà tó wà lórí ìlà, lẹ́tà jìbìtì tó lé ní 40,000 ló tò síbẹ̀, orúkọ wọn ló wà lórí rẹ̀. Ọdún 17 ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Kò sí sáfà tí mo fọwọ́ mi tò tí olè fi ránṣẹ́ rí. Inú bí mi débi pé mi ò lè jókòó.

Ọjọ́ 19 ló gbà kí wọ́n tó yọ àdírẹ́sì wọn nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí àwọn sáfà míì dínà mọ́ nítorí lẹ́tà jìbìtì. Ẹ tẹ postconf mynetworks lálẹ́ yìí. Bí ẹ bá rí 0.0.0.0/0 níbẹ̀, ẹ pa Postfix ná, kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.