Ibi tí ìjà lórí álíbọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ Aphex Twin ti ṣẹ̀ wá

Ó ti lé ní 30 ọdún tí Selected Ambient Works 85–92, álíbọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ Aphex Twin, ti jáde o, àwọn tó ń gbọ́ ọ ò tíì yéé bára wọn fà á. Ẹnìkan á ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé òun, ẹlòmíì á ní kí ló wà níbẹ̀, ariwo kásẹ́ẹ̀tì lásán. Ìjà yẹn ò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ṣá, bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà gan-an ló fà á.

Richard D. James lorúkọ ẹni tó ń jẹ́ Aphex Twin. Ireland ni wọ́n bí i sí ní 1971, àmọ́ Cornwall ló dàgbà sí, lápá ìwọ̀ oòrùn England níbi tí ilẹ̀ ti parí sínú òkun. Ọmọ tó máa ń tú ẹ̀rọ ni, synthesizer (ẹ̀rọ tó ń fi iná dá ohùn orin) tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ á tú u palẹ̀, á tún wáyà ẹ̀ tò kó lè máa dún bí òun ṣe fẹ́. Orí kásẹ́ẹ̀tì ló ń gba orin ẹ̀ sí, ó sì tún ń ṣe DJ ní páátì. Kódà òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé torí kí òun lè tán àwọn oníjó lókun nígbà tí páátì bá ń parí lọ lòun ṣe ṣe orin ẹ̀ kan tó ń jẹ́ Digeridoo.

Apollo ló gbé álíbọ́ọ̀mù yìí jáde ní November 1992, ìyẹn ẹ̀ka tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù R&S ti Ghent ní Belgium yà sọ́tọ̀ fún orin tó rọlẹ̀. Orin 13, ó lé ní wákàtí kan.

Ẹ fi hẹ́dfóònù gbọ́ Xtal, ìyẹn àkọ́kọ́: ariwo ṣàà ti téèpù wà lábẹ́ gbogbo ẹ̀, obìnrin kan ń kọrin láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, ìlù wá ń dún bíi pé yàrá kejì ni wọ́n ti ń lù ú. Àwọn kan ní àbùkù nìyẹn. Èmi ò gbà jàre, ẹni bá fọ ṣàà yẹn kúrò ti fọ idán ẹ̀ dànù.

Ìjà kejì le díẹ̀. Àwọn tó mọ ambient, ìyẹn orin pẹ̀lẹ́ tí kì í sábà ní ìlù, láti ọ̀dọ̀ olórin Brian Eno nínú álíbọ́ọ̀mù Music for Airports ti 1978 á ní ambient wo ló ní ìlù báyìí, àwọn ọmọ techno Detroit, ìyẹn orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, náà á ní ó ti tutù jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní 1989, ní Heaven, ilé ijó alẹ́ kan ní London, wọ́n ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí àwọn DJ Alex Paterson àti Jimmy Cauty ti ń lu orin pẹ̀lẹ́ fáwọn tí ijó ti sú, ìgbà tó fi máa di 1992, orin tí ara tó ti rẹ̀ lè gbà ni wọ́n ń pè ní ambient nídìí rave (páátì ijó àṣemọ́jú), ìlù wà níbẹ̀ o, ìlù ò sí níbẹ̀ o.

Ti 85 tó wà nínú orúkọ ẹ̀ yẹn ńkọ́, pé 1985 ló ti ń ṣe àwọn orin náà bọ̀? Ọmọ ọdún 14 ló máa jẹ́ nígbà yẹn. Ó lè jẹ́ òótọ́ fún orin kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n orin bíi Heliosphan? Ẹ má dá mi lóhùn.

Nígbà tó wá di 1994, Selected Ambient Works Volume II jáde ní ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Warp, ìlù fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá níbẹ̀. Ni ilé bá pín sí méjì: àwọn kan ní ó ti ba nǹkan jẹ́, àwọn kan ní ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti álíbọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ni mo bá lọ ní tèmi, orin tó ń jẹ́ “i” nìkan ni mo máa ń fò níbẹ̀, kò sì tó ìṣẹ́jú méjì náà.