Ọwọ́ Atúnrédíòṣe Ni Gìtá Oníná Ti Ṣẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹni tó bí gìtá oníná, orúkọ olórin ni gbogbo ayé máa ń pè. Èmi ò gbà. Ọmọ Kàbbà ni mí, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù atúnrédíòṣe ni mo dàgbà sí. Ibi tí áyánnù sódà bá ti ń rú èéfín ni irú nǹkan báyìí ti máa ń jáde.

Láàárín 1920 sí 1930, ní Amẹ́ríkà, fèrè àti ìlù ti bo gìtá mọ́lẹ̀. Gbọ̀ngàn ijó ń fẹ̀ sí i, ẹni tó jókòó lẹ́yìn ò sì gbọ́ gìtá mọ́. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nígbà náà ni gìtá àwọn ará Hawaii, tí wọ́n ń gbé lé itan, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Mo rò pé torí ẹ̀ ni iná fi kọ́kọ́ wọ̀ ọ́: okùn ló ṣe pàtàkì lára ẹ̀, kì í ṣe ikùn. Ní Los Angeles, George Beauchamp fi mágínẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ kọrọdọ bo okùn náà, ó lọ́ wáyà bàbà sábẹ́ ẹ̀. Okùn gbọ̀n, iná bíńtín sáré wọ wáyà, ó bọ́ sí áńpílífáyà, sípíkà ké. Olórin ni Beauchamp lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ irin ni Adolph Rickenbacker tó bá a da ara gìtá náà ní álúmíníọ̀mù. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Frying Pan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1932. Àwọn kan á ní Les Paul, olórin tó ta okùn gìtá sórí pákó ní nǹkan bí 1940. Pákó yẹn ò dé ọjà, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Leo Fender ni tèmi. Rédíò ló ń tún ṣe ní Fullerton, ní California, kò sì mọ gìtá ta títí ó fi kú. Gìtá onípákó gbọnyin tó gbé jáde ní 1950 di Telecaster ní 1951. Ọdún yẹn náà ni Precision Bass dé, béèsì tó ṣeé gbé kọ́rùn. Stratocaster tẹ̀ lé e ní 1954. Síkúrù mẹ́rin ló fi de ọrùn mọ́ ara, kí ẹni tó máa tún un ṣe má baà jìyà. Ibẹ̀ gan-an làwọn tó ń ṣa gìtá àtijọ́ jọ máa ń wò: wọ́n á tú síkúrù náà, wọ́n á yọ ọrùn, wọ́n á wá oṣù àti ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ Fender fi pẹ́ńsù kọ sí ìdí ẹ̀. Ọ̀dà mọ́tò ni ọ̀pọ̀ àwọ̀ ara wọn. Ọwọ́ ló sì ń darí wáyà píkọ́ọ̀pù, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì àti wáyà tó ń gba ohùn okùn, láyé ìgbà náà, ìdí nìyẹn tí ohùn méjì kì í fi í bára mu.

Mo rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ọjà Kàbbà. Béèsì ìjọ wa kú, bọ̀dá kan tú wáyà tó tín-ín-rín bí irun lára ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, ó ń fi àtàǹpàkò lọ́ ọ mọ́ píkọ́ọ̀pù béèsì náà, ó ń kà á sẹ́nu, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí i. Àwọn ará Bùnú tó wà nítòsí wa ló ń hun aṣọ ìpò láyé àtijọ́, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sìnkú àgbà. Ilẹ̀ tó mọ òwú lọ́ báyẹn, ṣé wáyà ló máa ṣòro fún?

Ìyókù ò pẹ́ sọ. CBS, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ra ilé-iṣẹ́ Fender ní 1965, àwọn olùkójọ sì sọ ọdún yẹn di ààlà: èyí tó ṣáájú ẹ̀ ló wọ́n. Ti Gibson, ilé-iṣẹ́ gìtá mìíràn, gìtá aláwọ̀ oòrùn ti 1958 sí 1960 tí wọ́n fi orúkọ Les Paul pè ni wọ́n ń wá. Ní 2019, wọ́n ta Stratocaster dúdú David Gilmour, onígìtá ẹgbẹ́ olórin Pink Floyd, ní dọ́là 3,975,000, bẹ́ẹ̀ léraléra ni wọ́n ti pààrọ̀ ọrùn àti píkọ́ọ̀pù ẹ̀ kó tó dé orí tábìlì gbàǹjo.