Àlàfo ọrọ̀: owó oṣù kọ́ ni ọrọ̀

Ẹ jẹ́ ká ní nọ́ọ̀sì méjì ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan náà ní Hartford, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, owó oṣù wọn sì dọ́gba. Ọ̀kan ń gbé nínú ilé tí ìyá rẹ̀ àgbà fi sílẹ̀. Èkejì ń san owó ilé, ó sì ń san gbèsè tó fi kàwé. Bí mọ́tò àwọn méjèèjì bá kú lọ́jọ́ kan náà, ti àkọ́kọ́ á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ́la. Èkejì á kọ́kọ́ wá ibi tí á ti yáwó. Owó tó ń wọlé fún wọn kò yàtọ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ ló yàtọ̀, òun la sì ń pè ní ọrọ̀: ilé, ilẹ̀, owó báǹkì, ìpín nínú ilé iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì, lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbogbo gbèsè kúrò.

Àlàfo ọrọ̀ ni bí ohun tí ẹ̀yà kan ní ṣe jìnnà sí ohun tí ẹ̀yà mìíràn ní. Federal Reserve, báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, máa ń wádìí rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ti 2022 fi hàn pé ìdílé aláwọ̀ funfun tó wà láàárín ní dọ́là 285,000, ti aláwọ̀ dúdú ní dọ́là 44,900. Láti mọ ẹni àárín, a óò to gbogbo ìdílé sórí ìlà, láti ẹni tó ní díẹ̀ jù dé ẹni tó ní jù, a óò wá mú ẹni tó bọ́ sí àárín gan-an. A kì í kó gbogbo owó jọ kí a pín in dọ́gba, torí olówó ńlá kan ṣoṣo lè mú kí àdúgbò tálákà dà bí àdúgbò ọlọ́rọ̀ lórí ìwé.

Oko ẹrú ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ilé ló sọ ọ́ di bó ṣe rí lónìí. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ìjọba àpapọ̀ ya àwòrán àwọn ìlú ńlá, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kun àdúgbò tí wọ́n ní ó léwu láti yá ní owó. Agbára káká ni àdúgbò aláwọ̀ dúdú kan fi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dà náà. Ní 1944, òfin kan fún àwọn ológun tó ti ogun dé ní àǹfààní láti yá owó ra ilé, ṣùgbọ́n báǹkì kò dá ọ̀pọ̀ ológun aláwọ̀ dúdú lóhùn. Ìgbà tí òfin 1968 fi dé láti ka ìwà yẹn léèwọ̀, owó ilé ti gòkè, àwọn tó tètè rà á ti ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ilé yìí kan náà ni ènìyàn ń fi dúró lọ́dọ̀ báǹkì bí ó bá fẹ́ yá owó dá òwò sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ilé, ó máa ń ṣòro kí òwò rẹ̀ kúrò lórí ìwé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àpò ìpínlẹ̀. Òwò tí a kò dá sílẹ̀ kò gba òṣìṣẹ́, kò sì san owó orí. Ní 2020, báǹkì Citi ṣírò rẹ̀ pé láàárín 20 ọdún, irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ti mú tírílíọ̀nù dọ́là 16 bọ́ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, àti pé òwò aláwọ̀ dúdú tí kò rí owó yá ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìjọba lè fi owó orí kún owó orí láti dí àlàfo náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù èyí ń ba ìjọba Connecticut. General Electric ráhùn nípa owó orí ní 2015. Nígbà tó di 2016, ó kó olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Fairfield lọ sí Boston. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà wá ọ̀nà mìíràn: CT Baby Bonds, owó tí ìjọba ń fi pamọ́ fún ọmọ tálákà láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí i. Òfin rẹ̀ jáde ní 2021, àríyànjiyàn lórí ibi tí owó máa ti wá sì dá a dúró di 2023. Ọmọ tí wọ́n bá bí láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2023, tí HUSKY, ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà fún àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan, bá san owó ìbí rẹ̀, dọ́là 3,200 ni ìjọba ń fi dókòwò fún un. Òbí kò ní kọ ìwé kankan. Láàárín ọdún 18 sí 30 ni ọmọ náà lè gbà á, bí ó bá ń gbé ní ìpínlẹ̀ náà, tó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlò owó. Ó lè fi ra ilé ní Connecticut, kó fi ṣòwò ní Connecticut, kó fi kàwé tàbí kọ́ṣẹ́, tàbí kó fi pamọ́ de ìfẹ̀yìntì. Ọgbọ́n wà nínú pé ilé àti òwò náà gbọ́dọ̀ wà ní ìpínlẹ̀: owó tó jáde lápò ìjọba, inú ìpínlẹ̀ náà ló ń padà sí.

Owó yìí kì í ṣe èsúsú, níbi tí iye tí a dá náà la máa kó. Bí ó bá ń fi dọ́là 7 lérí ọgọ́rùn-ún-ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, 3,200 á di nǹkan bí 10,800 ní ọdún 18. Bí ó bá dúró di 30, á lé ní 24,000. Ọjà náà kò ní dúró, ṣá. Bí ọjà bá ń fi 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i lọ́dọọdún, ohun tí 10,800 máa rà nígbà náà kò ju ohun tí nǹkan bí 6,900 ń rà lónìí. Ẹ fi ilé wò ó. Owó ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, èyí tí ń bẹ̀rẹ̀ láti 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ń béèrè 10,500 lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra ilé 300,000, kí a tó ka owó lọ́yà àti ti àwọn tó ń yẹ ilé wò. Nítorí náà, ẹni tó bá lè dúró kọjá 18 ló máa jẹ èrè rẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ni kì í lè dúró.

Ọ̀nà míràn ni iṣẹ́ ìjọba. Connecticut ti ya ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tó ń gbé fún kọńtírákítọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, ìdá mẹ́rin kan nínú èyí sì jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀. Níbi tí irú ètò báyìí ti máa ń bàjẹ́ ni owó tó pẹ́ kó tó jáde: kọńtírákítọ̀ kékeré tó ń san owó òṣìṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè dúró de ìjọba fún oṣù mẹ́ta.

Kókó kan wà tí n kò fẹ́ kó bọ́ lójú wa. Ìjọba kò pín owó ọmọ yìí gẹ́gẹ́ bí àwọ̀, torí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà lè da irú ìpín bẹ́ẹ̀ nù. HUSKY ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó tọ́ sí. Owó tó ń wọlé sì ni HUSKY ń wọ̀n. Nọ́ọ̀sì wa kejì, tí kò ní nǹkan kan nílẹ̀ bí kò ṣe gbèsè, owó oṣù rẹ̀ lè ga ju ààlà lọ, ọmọ rẹ̀ kò sì ní rí kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ tó wọ inú ètò náà, oṣù Keje 2041 ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn máa tó pé 18.