Ìtànṣán: ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, àti ohun tí kì í ṣe

Bí èèyàn bá ní "oòrùn yìí mú o", ooru ló ń sọ. Bó bá ní "oòrùn ti ràn", ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ. Ìtànṣán ló bí àwọn méjèèjì. Òun ni ohun tó ń ti ara oòrùn jáde, tó ń gba ọ̀nà tààrà bọ̀ wá bá wa. Ìgbà tó bá dé ojú wa la tó ń pè é ní ìmọ́lẹ̀, ìgbà tó bá sì wọ ara wa la tó ń pè é ní ooru. Ọ̀nà náà tó mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Bí ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 ló fi ń rìn ín.

"Tàn" ni ìdí ọ̀rọ̀ náà, èyí tó wà nínú "iná tàn" àti "ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀": nǹkan ń ti ojú kan fẹ̀ lọ síbi púpọ̀. (Bí a bá fún un ní àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ a di ohùn àárín: a máa ń tan iná ni.) Ẹ má fi "dán" pè é. Bàtà tí a kùn ń dán, dígí ń dán, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìtànṣán tiwọn. Èyí tó bọ́ lù wọ́n ni wọ́n ń dá padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣùpá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la ń sọ pé òṣùpá ràn. Ní ti "ìtànṣán ìrètí" tí àwọn oníròyìn fẹ́ràn, Gẹ̀ẹ́sì ló bí i. Yorùbá tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ á ní ọkàn òun ti ń balẹ̀ díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìtànṣán oòrùn ni ojú ń rí. Ní 1800, William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, fi dígí onígun mẹ́ta ya ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè, ó sì ń fi ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé e kọjá pupa, síbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, ibẹ̀ ló gbóná jù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Johann Ritter, yẹ ìkángun kejì wò ní Jámánì, ìyẹn lẹ́yìn àwọ̀ elésè àlùkò. Kẹ́míkà tí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ di dúdú tètè dúdú níbẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Ìtànṣán ìkángun kejì yìí, a kì í rí i, a kì í sì í mọ̀ ọ́n lára bí ooru, òun gan-an ló sì ń jó awọ ara. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọyẹ́ fi lè máa fẹ́ kí ara tutù, kí awọ àfín ṣì jó. Òun kan náà ló ń jẹ́ kí ara ṣe fítámì D, ṣùgbọ́n dígí fèrèsé máa ń dá apá tó ń ṣe iṣẹ́ náà dúró. Ọmọ tí a gbé sẹ́yìn dígí lówùúrọ̀ ń yá oòrùn lóòótọ́, àmọ́ fítámì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni ìtànṣán le jù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri lọ́gangan, ojú ibi tó mọ́lẹ̀ á kéré, á sì mọ́ gan-an. Ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ibẹ̀ á fẹ̀, á sì ṣú. Ohun tó ń ṣe oòrùn ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ní Ìbàdàn, oòrùn kan àtàrí gan-an ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Òpó tó dúró ṣánṣán kì í ní òjìji lọ́sàn-án ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ra sólà ló yẹ kó mọ ìyàtọ̀ ìtànṣán àti ooru jù, nítorí ìtànṣán ni pánẹ́ẹ̀lì ń jẹ, ooru ń dín agbára rẹ̀ kù ni. Wáàtì 550 tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, ibi tí pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kò ti gbóná ju 25°C lọ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, lábẹ́ ìtànṣán wáàtì 1,000 lórí mítà kan níbùú lóròó. Lórí páànù lọ́sàn-án, ó lè gbóná dé 60°C. Bí ìwọ̀n ìgbóná kọ̀ọ̀kan tó lé lórí 25°C bá ń mú bí ìdá 0.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, 550 ti di nǹkan bí 480 nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù. Ẹ fi àlàfo bíi sẹ̀ntímítà 10 sí 15 sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ kọjú rẹ̀ sí gúúsù, kí ó dà díẹ̀, bí ìwọ̀n igun 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ erùpẹ̀ kúrò.

Òjìji ń dà á láàmú ju bí ojú ti ń rò lọ. Àwọn ẹyọ inú pánẹ́ẹ̀lì so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, nítorí náà ẹ̀ka máńgòrò kan tó bo apá kékeré lè fa iṣẹ́ ìyókù sẹ́yìn. Nígbà ọyẹ́, erùpẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn kan náà. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi lásán àti kànrìnkàn tó rọ̀. Omi tútù lórí dígí tó ti gbóná lọ́sàn-án lè mú kó sán.