Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Èèyàn Níbi Tí Òṣùwọ̀n Kò Ti Ṣiṣẹ́

Bí ẹ bá gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èèyàn ní ọsibítù lọ sí ISS, ibùdó tó ń yí ayé po ní òfurufú, tí ẹ sì gun orí rẹ̀, òdo ni yóò kà. Kì í ṣe pé òòfà ilẹ̀ ti tán níbẹ̀ o. Ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè, ó ṣì tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tiwa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀yin àti òṣùwọ̀n jọ ń já bọ́ ni, ẹ kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ló fẹ́ kà?

Síbẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹni tó wà lókè ń rù. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé sípíríńgì máa ń fà á pẹ̀lú ipá tí wọ́n ti mọ̀, ẹ̀rọ á sì wo bí eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tó tẹ̀wọ̀n á lọ́ra, ẹni tó fúyẹ́ á ta kìjí. Òfin tí Isaac Newton tẹ̀ jáde ní 1687 náà nìyẹn: fi ìyárasí, ìyẹn bí eré ṣe ń pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, pín ipá, iye kìlò ẹni náà, ohun tí àwa tíṣà físíìsì ń pè ní máàsì, ló kù sí ọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọláńke ṣe é. Ó dúró jẹ́ẹ́, aláàárù fi ipá 60 Newton tì í (orúkọ Newton yẹn náà la fi ń wọn ipá). Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 5, eré rẹ̀ di mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi 5 pín 2, ìyárasí jẹ́ 0.4. Kíá làwọn ọmọ kíláàsì mi á ti fi 0.4 pín 60, wọ́n á pariwo pé, “150 kìlò, sà!”

Irọ́ ni. Ilẹ̀ ń fa táyà sẹ́yìn, ká ní pẹ̀lú 20 Newton. 40 péré ló ṣẹ́ kù tó ń mú eré pọ̀ sí i, 100 kìlò sì ni ìdáhùn. 50 tí wọ́n fi lé e yẹn, odidi àpò sìmẹ́ńtì kan tí kò sí nínú ọmọláńke rárá ni!

Báwo la ṣe ń mọ 20 yẹn? Ẹ fi òṣùwọ̀n oníkọ́ọ́kọ́, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò, fa ọmọláńke náà kí ó máa lọ ní eré kan náà, láìyára sí i, láìdẹwọ́. Ohun tó bá kà ni ilẹ̀ ń gbà. Bí kìlò ló kọ sára, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 9.8, kìlò 2 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 Newton.

Lókè lọ́hùn-ún, kò sí ilẹ̀ tí yóò fa táyà. Wàhálà tiwọn ni ikùn. Bí ikùn bá ń mì lọ́tọ̀ tí egungun ń lọ lọ́tọ̀, iye tí ẹ̀rọ máa gbé jáde á dàrú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ lọ́ mọ́ apá ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń fi ikùn ti tìmùtìmù, tí wọ́n sì ń gbé àgbọ̀n lé nǹkan. Èmi náà kì í gbà kí wọ́n gbé garawa omi tó kún ìdajì sórí ọmọláńke tí a bá fẹ́ wọ̀n.